Pákó Tí Bàbá Mi Tọ́jú De Ikú

Abẹ́ pákó tí wọ́n máa fi kan pósí bàbá mi ni mo dàgbà sí. Orí àjà yàrá tí mo ń sùn ló tò wọ́n sí, ìrókò gidi, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ là nígbà tí apá rẹ̀ ṣì le. Bí mo bá dùbúlẹ̀ tí mo wòkè, mo máa ń rí wọn láàárín igi àjà. Ẹ̀rù wọn kò bà mí rí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó bá wá kí mi láti ilé ìwé ló máa ń sá jáde nígbà tí mo bá sọ ohun tó wà lókè fún wọn, èmi á sì máa rẹ́rìn-ín títí inú á fi run mí.

Ìlú igi ni ìlú wa. Ní Ojowo, níbi tí ilé bàbá mi wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ariwo ayùn ilé ìlagi ló ń jí ènìyàn láàárọ̀. Ọkùnrin tó bá ti fi igi jẹun dàgbà, bí ó bá ti rí i pé irun òun ti funfun, á yan pákó tó dára jù lọ sọ́tọ̀ fún ọjọ́ ikú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kà á sí èèmọ̀. Ohun tó jẹ́ ẹ̀sín lójú wa ni pé kí ẹni tó la pákó fún gbogbo ayé wá lọ sùn sínú arère. Igi funfun ni arère, ó fúyẹ́, ó rọ̀, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á. Ẹni tí kò ní ẹnì kan ni wọ́n máa ń fi í sin.

Bàbá mi kò fi tirẹ̀ ṣeré rárá. Bí ọyẹ́ bá ti mú, á ní kí n bá òun sọ wọ́n kalẹ̀ sí àgbàlá. Á nu eruku ara wọn, á fi òróró ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú kùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi ìka lù wọ́n kó lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dún, lẹ́yìn náà a ó tún gbé wọn padà sókè. Ojú rẹ̀ máa ń dán lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ikú kò bà á lẹ́rù, ikán ló ń bà á lẹ́rù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tó jẹ́. Àwọn ará ibòmíràn máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ìjẹ̀bú kì í tètè tú ọwọ́ sílẹ̀. Ó dà bíi pé gbogbo ìlawọ́ tó yẹ kí Ọlọ́run pín kárí ìlú wa, orí bàbá mi nìkan ló dà á lé. Àgbà ìjọ ni, àmọ́ kì í wàásù púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń sọ nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀: pé ẹni tó bá fẹ́ fún Ọlọ́run ní nǹkan, kó má lọ fún un ní èyí tó ṣẹ́ kù sínú àwo. Bí ó bá fẹ́ fún ènìyàn níṣu, èyí tó tóbi jù ni yóò mú. Ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, kì í jẹ́ kó débi iṣu ṣáájú òun.

Mo ti padà sílé rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Èmi nìkan ni ọmọ tó kù fún un. Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà. Láàárọ̀ n ó gun ọ̀kadà lọ, nírọ̀lẹ́ n ó padà wá gbọ́ oúnjẹ. A máa ń jà, èmi àti òun, nítorí pé ẹnu mi mú, etí tirẹ̀ sì máa ń di nígbà tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ láyé, gbogbo Ojowo ló mọ̀. Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju pé kí n sin ín lọ́nà tó yẹ ẹ́, kí n sì gbórí sókè láàárín ìlú lọ́jọ́ náà.

Ìgbà tí òjò ọdún kan ń bẹ̀rẹ̀ ni ìjì kan jà lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, kò pẹ́ tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó ṣí òrùlé ilé tó kángun sí tiwa. Àlàájì kan tó ń ta obì ló ń gbé ibẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ wọn, àti ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. A rí páànù wọn he nínú oko, ó sì ṣeé kàn padà. Igi tó gbé e ró ni kò sí mọ́. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, ìjì kàn wá parí iṣẹ́ náà ni. Àlàájì kò sì rí igi mìíràn rà, nítorí pé kòkòrò ti ba obì rẹ̀ jẹ́ lọ́dún yẹn.

Mo ń gbá omi òjò jáde nílé nígbà tí mo rí bàbá mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, tó ń wòkè.

Mo ní, "Bàbá, rárá."

Ó ní, "N kò tíì sọ̀rọ̀."

"Ojú yín ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá máa sùn nílé wa. Ẹ fún wọn níṣu. Ẹ fún wọn ní adìẹ mi pàápàá. Ẹ má ṣe fún wọn ní èyí."

"Òjò kì í pa òkú," ló dá mi lóhùn. "Bí mo bá kú, òjò kò lè fi mí ṣe nǹkan kan. Ìyá Àlàájì ni òjò ń pa."

Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Mo bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí n fi sin òun, ṣé ẹní ni? Ṣé kí n ká a mọ́ ẹní bí ẹni ká ẹrù obì?

Ó fara balẹ̀. Ó ní, "Ìwọ tí o ń kọ́ àwọn ọmọ ní Bíbélì, ta ló ni ibojì tí wọ́n tẹ́ Jésù sí?"

Mo ní Jósẹ́fù ará Arimatíà ni.

"Ta ló gbẹ́ ẹ fún?"

Mo ní ara rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ fún.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Tuntun ni, ẹnì kankan kò tíì sùn síbẹ̀ rí. Ohun tó tọ́jú de ikú tirẹ̀ ló yọ̀ǹda. Kí ló dé tí èmi kò lè ṣe é?"

N kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń tán lẹ́nu rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ọjọ́ kẹta ni Jósẹ́fù gba ibojì rẹ̀ padà. Ta ló máa dá pákó tiyín padà fún yín?"

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti di ògiri mú. Mo rò pé mo ti borí. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní kí n lọ gbé àkàbà wá.

Kò rọrùn fún Àlàájì náà láti gbà á. Gbogbo àdúgbò ló mọ ohun tí pákó náà wà fún. Ó dúró ní àgbàlá wa, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó ń wo ìrókò tí a tò sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé àwa kì í fi pósí sin òkú."

Bàbá mi ní, "Ìdí nìyẹn tí n kò fi fún ọ ní pósí. Pákó ni mo fún ọ."

Ìyá Àlàájì gan-an ló sọ ohun tó ń ba gbogbo wọn lẹ́rù. Orí àpótí ló jókòó sí ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n ti fi aṣọ wé e nítorí òtútù. Ó ní ikú ti mọ pákó wọ̀nyí. Ó ní bí ikú bá wá wo orí àjà wa, tí kò bá wọn níbẹ̀, tó bá wá rí wọn lórí ilé àwọn, ta ni yóò mú?

Bàbá mi lóṣòó lẹ́bàá ìyá náà. Ó ní, "Màmá, bí ó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ní kó yà sílé kejì. Èmi kò kó kúrò. Ẹ júwe mi fún un dáadáa."

Ìyá yẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àlàájì ní "Bísímílláì," ó sì gbé pákó àkọ́kọ́ lé èjìká. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti la ìrókò bàbá mi sí wẹ́wẹ́, ó ti di igi òrùlé, páànù ti wà lórí rẹ̀. Ẹnì kan nínú ìjọ wa ní bóyá oore yìí á mú kí Àlàájì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú bàbá mi yí padà. Ó ní bó bá jẹ́ pé torí ìyẹn lòun ṣe é, òun ti tà á nìyẹn, òun kò fún un.

Ìròyìn ti dé Japara kí ìṣó tó wọlé tán. Ibẹ̀ ni àbúrò bàbá mi obìnrin wà nílé ọkọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Ìyá Japara. Orí ọ̀kadà ló ti ń sọ̀rọ̀ bọ̀. Obìnrin tó le ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé òun nìkan ló ń bá mi bá bàbá mi wí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé."

Bàbá mi ní, "Ẹ̀yin lẹ máa rù mí. N kò lè ru ara mi lọ sí ibojì."

Ìyá Japara kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí mi. Ó ní, "Ìwọ, gbọ́ mi dáadáa. Gbogbo ìlú ni ẹ̀gbọ́n mi la pákó fún. Bí mo bá fi ojú mi rí i nínú arère, n kò ní dárí jì ọ́, n ó sì sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo èrò."

Mo ní, "Mà, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìrókò ni."

Mo mú ìlérí yẹn ṣẹ. Mo bọ́ sínú àjọ àwọn tíṣà, mo fi ẹran jíjẹ sílẹ̀, mo fi aṣọ ọdún sílẹ̀, ìkankan nínú rẹ̀ kò sì dùn mí. Nígbà tí àjọ kàn mí, mo lọ bá àgbà kan tó mọ igi, ó bá mi wá ìrókò láti inú igbó apá Ògùn Wọ́tásáìdì, ó sì là á fún mi sí pákó tó nípọn, tó ti gbẹ. Ọjọ́ tí mo gbé e wálé, mo ń yan bí ẹni tó joyè. Mo tò ó sórí àjà fúnra mi.

Bàbá mi wò ó tìfẹ́tìfẹ́. Ó fi ìka lù ú, ó tẹ́tí sí i, ó ní igi rere ni. Ó gbàdúrà fún mi títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí n kò fẹ́ gbọ́.

"Mo ti fi tèmi ta ènìyàn lọ́rẹ. Èyí, tìrẹ ni. Bí o bá fẹ́, kí o fi sin mí. Bí ohun mìíràn bá dé, ìwọ ni o ó mọ̀, má wá bi mí."

Mo ní ohun mìíràn kankan kò ní dé. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn.

Ó di ọdún tó kọjá tí àìsàn mú un. Àyà rẹ̀ ni, ó ń mí gúlegúle, kò sì lè dìde mọ́ láìjẹ́ pé mo gbé e. A lọ sí ọsibítù, a dé, a tún lọ. Oògùn jẹ owó mi tán, n kò sì kà á sí, torí kí ni owó wà fún? Nígbẹ̀yìn, dókítà fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé kí n máa gbé bàbá lọ sílé, kí n máa fún un lóúnjẹ tó bá fẹ́. Ó yé mi. Ìyá Japara wá wò ó, ó jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́, nígbà tó sì fẹ́ máa lọ, ó yà sí yàrá mi, ó gbójú sókè, ó rí ìrókò náà, ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí n ti máa kìlọ̀ fún káfíńtà.

Inú ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni gẹdú kan yí láti orí ọkọ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìlagi tó wà lágbègbè wa, ó sì pa òṣìṣẹ́ kan. Ará apá Bẹ́núé ni ọkùnrin náà. Ìjọ wa ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń wá, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n máa ń wà. N kò tíì bá a sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ rí.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí igi bá pa ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́, ayùn kì í dún, ẹnikẹ́ni kì í sì í ta pákó títí a ó fi sin ẹni náà. Ọ̀wọ̀ òkú ni. Àwọn baba wa ló dá a sílẹ̀, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ó jọ pé kò sẹ́ni tó rò ó nínú wọn pé òkú náà fúnra rẹ̀ nílò pákó. Bí olówó ni, wọ́n á lọ ra pósí tí wọ́n ti kùn tán ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni yìí kò ní. Owó tí ìjọ dá jọ, oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ àti ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà sílùú wọn ló bá lọ. Wọ́n ti ń sọ ọ́ pé kí wọ́n fi ẹní wé e.

Káfíńtà ìjọ wa ló mú opó náà wá sílé wa láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn dì mọ́ ọn láṣọ. Yorùbá kò dá ṣáṣá lẹ́nu rẹ̀, kò sì gbìyànjú láti sọ ọ́. Ó kàn kúnlẹ̀ síbẹ̀.

Káfíńtà ní, "Àǹtí, mi ò lè ní kí ẹ ṣe é. Mo mọ ẹni tó wà lórí ibùsùn nínú ilé. Àmọ́ kò sí pákó gbígbẹ kankan tí mo lè fi ọwọ́ kàn lónìí nínú Ìjẹ̀bú-Igbó àfi tiyín."

Inú bí mi. Inú bí mi sí káfíńtà, inú bí mi sí ẹni tó kú, bí n kò bá ní purọ́, ó bí mi sí Ọlọ́run pẹ̀lú. Mo ní kí obìnrin náà dìde, kí ó jókòó, mo sì wọ yàrá lọ. Mo gbọ́ bí bàbá mi ṣe ń mí ní yàrá kejì. Bí ó bá kú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kí ni n ó fi sin ín? Kí ni n ó sọ fún Ìyá Japara? Mo lè sọ pé rárá, kò sì sí ẹni tó máa bá mi wí láyé yìí. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ì bá ní mo ṣe dáadáa.

Mo wo pákó náà. Mo ronú nípa àwọn ọmọ tí mo ń kọ́, àwọn tí mo ti sọ fún láti ọdún dé ọdún pé kí wọ́n fún aládùúgbò wọn ní nǹkan. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá fi ẹní wé ọkùnrin yẹn lónìí, tí ìrókò sì wà lórí àjà mi, n kò ní lè la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ Jésù fún ọmọ kankan mọ́. Ẹnu mi á kọ̀. Kì í ṣe pé àánú ṣe mí jù. Ìgbàgbọ́ mi ni mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀ ní tòótọ́, àbí orin lásán ni.

Mo gbé àkàbà. Mo pe káfíńtà. Mo ní, "Gba orí ibí mú, má jẹ́ kó lu ògiri, bàbá ń sùn."

Àgbàlá wa ló ti kan án, nítorí pé ibẹ̀ ni ibòji wà. Mo ń ro ẹ̀kọ fún opó náà àti àwọn ọmọ nígbà tí mo gbọ́ tí bàbá mi ń pè mí. Ariwo ìṣó ti jí i. Mo wọlé lọ, mo jókòó sí etí ibùsùn rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé tèmi nìyẹn?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá. Ẹnì kan kú ní ilé ìlagi. Ayùn ti dákẹ́, wọn kò rí pákó. Mo ti fún wọn."

Ó pa ojú dé. Mo rò pé mo ti pa á. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò dún ju ti ọmọdé lọ.

"Ṣé ó gba ẹsẹ̀ rẹ̀?"

"Ó gbà á. Káfíńtà ti wọ̀n ọ́n. Ó ga jù yín lọ díẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó burú kí ẹsẹ̀ òkú ká." Ó wá ọwọ́ mi títí ó fi rí i. Ó ní, "Ẹ ṣeun."

Bàbá tó bí mi, tó ń pè mí ní "ìwọ" láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ló ní "Ẹ ṣeun" fún mi. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀, n kò fi pamọ́. Ó ní kí n má sunkún, ó ní oúnjẹ ń jóná. Òótọ́ ni, ẹ̀kọ náà ti ń jóná.

A sin ọkùnrin náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, pósí rẹ̀ pọ́n dan-in, mo sì rí i tí ìyàwó rẹ̀ fi gbogbo ọwọ́ rẹ̀ pa á lára kí wọ́n tó sọ ọ́ sínú ilẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ayùn bẹ̀rẹ̀ sí í dún padà.

Bàbá mi kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òwúrọ̀ ló lọ, mo ti fi omi gbígbóná nu ara rẹ̀, mo ń fi òróró pa ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mí lẹ́ẹ̀kan, kò sì mí mọ́. Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé n kò gbọdọ̀ gbé òun pamọ́ sí mọ́ṣúárì kí n máa wá owó òkú kiri. Ó ní kí n sin òun ní kíákíá, kí n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Owó tó kù lọ́wọ́ mi, arère ni agbára rẹ̀ ká. Arère ni mo rà.

Káfíńtà ní òun lè fi ọ̀dà pupa kùn ún, ó ní ojú lásán kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ìrókò. Mo ní kó má fi nǹkan kan kùn ún. Bàbá mi kò fi igi tan ẹnikẹ́ni jẹ rí.

Báyìí ni wọ́n ṣe gbé e jáde síta láàárín èrò, funfun báláú, a ń rí gbogbo ojú ìṣó. Ilé kún, ìta kún. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ, n kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá sọ ọ́ sí mi létí. Ìyá Japara ti yọ gèlè rẹ̀, ó fi gba ọ̀já mọ́ ìdí, ó la àárín wọn kọjá. Ó gbé ọwọ́ lé pósí náà. Ó fi èékánná ha pákó rẹ̀, ó wò ó, ó sì yíjú sí mi. Orin dúró.

Ó ní, "Arère. Arère lo fi ẹ̀gbọ́n mi sí?"

Ọjọ́ tí mo ti ń bẹ̀rù láti ọdún pípẹ́ nìyẹn, mo sì wá ẹ̀rù náà nínú ara mi, n kò rí i. Mo gbé orí mi sókè. Mo sọ ọ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Arère ni. Ìrókò rẹ̀ ni mo fi sin àlejò tí wọn kò rí pákó fún, ó sì mọ̀ kó tó kú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí ẹni tó nílò pósí yìí jù ú lọ bá sì tún dé kí a tó dé ẹnu ibojì, mà, ẹ ó bá mi di Bàbá mú ni, kí n lè gbé e fún un."

Ìyá Japara wò mí títí. N kò mọ̀ bóyá yóò gbá mi létí ni. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí ibi ẹsẹ̀ pósí náà, ó fi apá rẹ̀ àgbàlagbà gbá a mú, ó ní, "Kí lẹ ń wò? Ẹ gbé e ńlẹ̀. Èmi ni n ó di ibí yìí mú."